Àtẹ̀jíṣẹ́ ni àbí ká pè? Ẹ jẹ́ ká fojú owó, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti ìwà ọmọlúàbí wò ó

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́ (Adó-Èkìtì)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń fa awuyewuye nínú àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú báyìí. Àwọn ọ̀dọ́ ní kí gbogbo ìkéde, ọjọ́ ìpàdé, ìrántí owó oṣù, máa lọ nípa àtẹ̀jíṣẹ́. Àwọn àgbà fárígá, wọ́n ní ẹni tó bá ń wá àwọn kó pè. Ọmọ ẹgbẹ́ wà ní Adó, ó wà ní Òmùò, ó wà ní Òkèmẹ̀sí lẹ́yìn òkè, ó sì wà ní Èkó. Ẹni tó bá mọ iye tó ń náni, ohun tó máa ń dí i lọ́wọ́, àti èyí tó bá ìwà wa mu, kó bá wa dá sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn wí pé "ìpè ló dáa" kẹ́ ẹ sì kọjá lọ. Ẹ sọ ìdí rẹ̀.

Oníṣẹ́_Fóònù (Adó-Èkìtì)

Ẹ jẹ́ ká ti orí owó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Lẹ́yìn àfikún owó ọdún 2025, àtẹ̀jíṣẹ́ kan di ₦6. Ṣùgbọ́n ojú ewé kan ni ₦6 yẹn, kì í ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá kọ. Ojú ewé kan gba àmì 160: lẹ́tà, nọ́ńbà àti àlàfo ló wà nínú ìṣirò. Tó bá lé kọjá 160, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á gé e sí wẹ́wẹ́, wẹ́wẹ́ kọ̀ọ̀kan á wá gba 153 péré, torí pé díẹ̀ nínú àyè náà ni wọ́n fi ń kọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà àmì 161 ti di ₦12.

Ibi tó ti kan àwa Yorùbá nìyí. Àwọn lẹ́tà tí àtẹ̀jíṣẹ́ 160 mọ̀ kò pọ̀. Ó mọ à, è, é, ì, ò àti ù. Kò mọ á, í, ó, ú. Kò mọ ẹ, ọ, ṣ rárá. Bí ẹyọ kan ṣoṣo nínú àwọn tí kò mọ̀ bá wọ inú ọ̀rọ̀ yín, gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ náà á yí sí ọ̀nà ìkọ̀wé mìíràn, ojú ewé á sì já láti 160 sí 70. Tó bá ju ojú ewé kan lọ, 67 ni. "Adé" á kọjá ní 160. "Adó" kò ní kọjá. Kódà "Èkìtì" tí ẹ fi È ńlá bẹ̀rẹ̀ ti bà á jẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni è kékeré kò níṣòro. Ta ni í mọ irú ìyẹn tí wọn ò bá sọ fún un?

Ìyókù rẹ̀: lẹ́tà tó ní àmì nísàlẹ̀ àti àmì ohùn lórí, bí ẹ́ tàbí ọ̀, àmì méjì ló ń kà á sí. "Ọ̀rẹ́" jẹ́ lẹ́tà mẹ́ta lójú tiyín, àmì 5 ni lójú nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àwòrán ẹ̀rín kékeré náà ń já a sí 70.

Ẹ ṣírò rẹ̀ fún ẹgbẹ́. Ìkéde tó jẹ́ àmì 150: láìsí àmì ohùn, ojú ewé 1, ₦6. Pẹ̀lú àmì ohùn, ojú ewé 3, ₦18. Fún ọmọ ẹgbẹ́ 200, ₦1,200 ni àkọ́kọ́, ìkejì jẹ́ ₦3,600.

Tí ẹ bá ń lo áàpù Messages ti Google, ẹ wọ inú ètò rẹ̀, ẹ lọ sí "Advanced", ẹ tan "Use simple characters". Ó máa ń yọ àmì kúrò fúnra rẹ̀ kó tó ránṣẹ́, níwọ̀n ìgbà tó bá mọ lẹ́tà náà. Ẹ fi ránṣẹ́ sí fóònù tiyín lákọ̀ọ́kọ́ kẹ́ ẹ rí bó ṣe rí.

Ìyá_Oníṣu (Ìkọ́lé)

Oníṣẹ́ Fóònù, ẹ ṣeun o, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yọ àmì kúrò tán, kó múra ìjà sílẹ̀. "Mo ti ri oko re." Oko ni àbí ọkọ? Ọkọ̀ ni àbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń kọ ebè? "Awo ti de" látọ̀dọ̀ ẹni tó lọ gbé àwo ìnáwó wá, bí ìyàwó ilé bá kà á lóru, á fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ilẹ̀kùn mọ́rí!

Ohun táwa ọlọ́jà ń ṣe ni pé a kì í lo ọ̀rọ̀ tó lójú méjì. Tí a bá fẹ́ kọ ọkọ̀, "moto" la máa ń kọ. Ọkọ èèyàn, "baale re". Àwo, "abo onje". Iye, ẹ má fi lẹ́tà kọ ọ́ láéláé. "Ogun" lè jẹ́ 20, ó lè jẹ́ ìjà, ó lè jẹ́ ohun tí bàbá yín fi sílẹ̀. Ẹ kọ 20. "Igba" bákan náà, ẹ kọ 200. Àkókò náà, ẹ fi àárọ̀ tàbí alẹ́ kún un: "aago 7 aaro".

Fún ọjà, àtẹ̀jíṣẹ́ tí kì í dá wàhálà sílẹ̀ ní ohun mẹ́fà nínú: irú ọjà, iye ẹyọ, owó ẹyọ, àpapọ̀, ibi tí wọ́n á já a sí, ẹni tó máa san owó mọ́tò. Báyìí: "Isu ewura 100. N2500 ikookan. Apapo N250000. E ja a si oja oba Ado, Satide aago 8 aaro. Eyin le maa san moto." Àmì tó wà níbẹ̀ kò tó 160. ₦6 ni. Ìnáwó mọ́tò ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé, òun náà ló sì máa ń fa ariwo lẹ́nu ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi àtẹ̀jíṣẹ́ ná ọjà. Ìdúnàádúrà ní ohùn nínú. Ẹ ó gbọ́ bí ẹni náà ṣe mí, bó ṣe dákẹ́, bó ṣe rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ lẹ ó ti mọ̀ bóyá owó ṣì lè wálẹ̀. Ẹ pè kẹ́ ẹ fẹnu kò, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ fẹnu kò lé lórí ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, kí onítọ̀hún sì dáhùn "bee ni". Ìdáhùn yẹn ṣe pàtàkì. Àtẹ̀jíṣẹ́ tí ẹnì kan ṣoṣo kọ, tí ẹnìkejì kò fèsì, ìyẹn kì í ṣe àdéhùn.

Olókèèrè (Ìjerò)

Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ti kókó, Ìyá? Iye rẹ̀ lójúmọ́ kan máa ń yí.

Ìyá_Oníṣu (Ìkọ́lé)

Àgàgà kókó. Ẹ pè láti béèrè iye kílò lówùúrọ̀ ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ tà, kí wọ́n sì kọ ọ́ ránṣẹ́ kẹ́ ẹ tó gbé àpò sórí mọ́tò. Kí wọ́n kọ bóyá iye yẹn wà fún gbígbẹ dáadáa tàbí fún èyí tó ṣì tutù. Tí wọ́n bá ní "e maa bo na", tí wọn ò kọ iye, ẹ má gbé e.

Ẹlẹ́rọ_Òpó (Ìlawẹ̀)

Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí àtẹ̀jíṣẹ́ fi ń kọjá níbi tí ìpè kò ti wọlé, torí ọ̀pọ̀ rò pé àjẹ́ ni.

Ìpè nílò ọ̀nà tirẹ̀ tó máa ṣí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Lórí 2G, ìkànnì kan pín sí àyè 8, òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń fi díẹ̀ nínú àwọn àyè rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Tí ìyókù bá ti kún, ẹni tó kù á gbọ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì dí. Àtẹ̀jíṣẹ́ kò gba ọ̀nà yẹn. Ọ̀nà tóóró tí fóònù àti òpó fi ń kíra ni ó ń bá lọ, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sì tó o. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ ọdún, nígbà tí gbogbo ará Èkó bá ti wálé tán, ẹ ó pè pè pè kò ní wọlé, àmọ́ àtẹ̀jíṣẹ́ á yọ́ kọjá.

Ìkejì, àwọn òkè wa. Ìgbì nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í gun òkè kó sì sọ̀kalẹ̀ lódìkejì bí ewúrẹ́. Ní Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, Òkèmẹ̀sí, Ìkògòsì, ẹ lè wà nítòsí òpó kí àpáta sì dí i mọ́ yín lójú. Ẹ fi ìwọ̀nba mítà díẹ̀ yí ipò padà, ẹ jáde kúrò lábẹ́ páànù, ẹ lọ sí ojú fèrèsé tó kọjú sí òpó. Páànù ń dá ìgbì padà. Ìgbì tó lọ sílẹ̀, bíi 900 MHz, ń rìn jìnnà, ó sì ń wọ ilé ju 2,100 MHz lọ. Nítorí náà tí fóònù bá ń ṣe ségesège, ẹ wọ ètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ fi sí 2G fúngbà díẹ̀ kẹ́ ẹ tún pè. Dátà á fà, ṣùgbọ́n ìpè lè mọ́.

Ẹ mọ èyí pẹ̀lú: fóònù 4G tí wọn ò tan VoLTE (ìpè tó ń gba orí 4G fúnra rẹ̀) sí gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí 3G tàbí 2G kó tó lè pe ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tó fi máa ń dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan kó tó dún. Ẹ má tètè pa á kẹ́ ẹ tún un pè. Ṣe lẹ ń mú un bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ̀ kìíní.

Ibi tí àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń tanni ni ọ̀rọ̀ náà "Sent". Ó túmọ̀ sí pé ó ti dé ilé ìpamọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò túmọ̀ sí pé ó ti dé ọwọ́ ẹni tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí. Tí fóònù rẹ̀ bá kú tàbí tó wà nínú kòtò, ilé ìpamọ́ á dì í mú, á máa dán an wò léraléra, á sì fi jíṣẹ́ nígbà tí fóònù bá tàn. Ṣùgbọ́n ó ní ọjọ́ tó máa ń dì í mú mọ. Ọjọ́ yẹn bá pé, ó di òfo. Ẹ tan ìròyìn ìjíṣẹ́: nínú Messages ti Google, ètò, "Advanced", "Get SMS delivery reports". Lórí fóònù kékeré, inú ètò àtẹ̀jíṣẹ́ ló wà. Tí àkọlé "Delivered" kò bá tíì wá lẹ́yìn wákàtí kan, tí ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ kánjúkánjú, ẹ pè.

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́

Bátìrì ńkọ́? Níbi tí iná kò sí fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ẹlẹ́rọ_Òpó (Ìlawẹ̀)

Ìpè ń jẹ bátìrì ju àtẹ̀jíṣẹ́ lọ fíìfíì, ó sì burú sí i níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti pọ̀, torí fóònù á máa fi gbogbo agbára pariwo kí òpó lè gbọ́ ọ. Tí ṣáájì bá kù díẹ̀, ẹ pa dátà, ẹ fi fóònù sí 2G, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ jíṣẹ́. Tí ẹ bá wà níbi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá, ẹ pa á tàbí ẹ fi sí ipò ọkọ̀ òfuurufú. Wíwá tó ń wá òpó kiri yẹn ló ń pa á.

Bàbá_Àgbà (Ọ̀tùn)

Ẹ kú ùrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ ti sọ ti owó, ẹ ti sọ ti òpó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ènìyàn.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí a kì í fi lẹ́tà rán. Ikú ni àkọ́kọ́. Wọn kì í túfọ̀ fún ọmọ olóòkú lórí fóònù, ká má tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti àtẹ̀jíṣẹ́. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù nílùú tó wà ni ẹ ó pè, ẹni yẹn á sì mú ẹnì kan dání lọ bá a nílé. Àánú ẹni tó ń wakọ̀ lọ́wọ́ tó bá ka irú rẹ̀ lójijì kò ha ṣe yín? Ìkejì, ẹ̀bẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ tó wá kọ "e ma binu" ránṣẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ mìíràn ló fi kún ti tẹ́lẹ̀. Kó wá, tí kò bá lè wá, kó pè. Ìkẹta, títọrọ ọmọ, bíbẹ ènìyàn kó ṣe onídùúró, yíyá owó. Ìkẹrin, ìjà. Àtẹ̀jíṣẹ́ kò ní ohùn, ẹni tó ń kà á ló ń fi ohùn tirẹ̀ sí i, tí inú rẹ̀ kò bá sì dùn tẹ́lẹ̀, ohùn tó máa fi kà á kò ní dùn.

Ìpè náà ní ètò. Kó tó di aago 7 àárọ̀ àti lẹ́yìn aago 9 alẹ́, ọ̀rọ̀ àìsàn tàbí ewu nìkan ló yẹ kó dún. Ọmọdé kì í fíláàṣì àgbà. Tí kò bá sí owó, kó wá ẹni tó máa yá a ní fóònù. Ẹ kí ẹni náà tán, ẹ béèrè ara ilé, kẹ́ ẹ tó sọ ohun tẹ́ ẹ bá wá. Ẹ sì béèrè pé: "Ṣé ọwọ́ yín dilẹ̀, sà?" Tí àgbà bá pè tí ẹ kò gbé e, ẹ̀yin lẹ ó pè padà. Tí ẹ bá wà ní ìpàdé, ẹ lè kọ: "E jowo sa, mo wa ni ipade. Maa pe yin ni aago 4." Kẹ́ ẹ sì pè ní aago 4 ọ̀hún.

Tí ẹ bá fẹ́ pe àgbà sí ìnáwó, ẹ lọ bá a tàbí kẹ́ ẹ pè é lákọ̀ọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni àtẹ̀jíṣẹ́ á tẹ̀ lé e: ọjọ́, gbọ̀ngàn, aago, irú aṣọ ẹbí, iye rẹ̀, ẹni tí wọ́n máa sanwó fún. Ohun tí àgbà ń bínú sí kì í ṣe àtẹ̀jíṣẹ́. Ohun tó ń bínú sí ni pé àtẹ̀jíṣẹ́ ló kọ́kọ́ rí.

Àbúrò_Adétọ́lá (Ọ̀yẹ́)

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Gbogbo rẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa sọ fún àwọn tó ń pè lẹ́ẹ̀márùn-ún léraléra nígbà tí èèyàn wà ní kíláàsì tàbí níwájú oníbàárà. Ẹnìkan kò gbé e lẹ́ẹ̀kan, ẹ dúró. Tí ó bá jẹ́ ewu, ẹ pè lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn kan.

Ohun mìíràn tó yẹ ká fòfin dè ni "Pe mi kiakia". Òun nìkan, láìsí ìdí. Ọkàn ẹni tó bá kà á á ti fò sókè, á ti ka orúkọ gbogbo ẹbí tán kó tó rí owó ìpè, nígbà tó bá sì pè, ẹ ó ní kó bá yín ra kárọ́ọ̀tì bọ̀. Ẹ kọ ìdí rẹ̀: "E pe mi ti owo yin ba dile, oro ile Iworoko ni, ko si wahala." Gbólóhùn "ko si wahala" kò ju àmì 14 lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń kọ "E nle sa", tó wá dúró de ìdáhùn kó tó sọ̀rọ̀. Ẹ kí, kẹ́ ẹ sì sọ ọ́ nínú ọ̀kan náà.

Tíṣà_Àgbà (Ìdó)

Ẹ̀yin tí kò fẹ́ yọ àmì ohùn kúrò, ẹ lo WhatsApp. Níbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ 70 tàbí 160, dátà díẹ̀ ni ó ń gbà, àmì ohùn kò sì fi owó kún un. Ẹ gbé èdè Yorùbá sórí Gboard, áàpù ìtẹ̀wé ti Google: nínú ètò rẹ̀, "Languages", ẹ wá Yorùbá, ẹ fi kún un. Ẹ tẹ lẹ́tà "e" mọ́lẹ̀ díẹ̀, "ẹ" á yọ. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ sí "o" àti "s". Ẹ pa àtúnṣe ọ̀rọ̀ aládàáṣe, torí ó ń fi tipátipá sọ ọ̀rọ̀ wa di Gẹ̀ẹ́sì. Tí ẹ bá ṣàṣìkọ, ẹ ní ìṣẹ́jú 15 láti tún un ṣe lórí WhatsApp. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ní tirẹ̀, tó bá ti lọ, ó ti lọ.

Wàyí o, ọ̀nà kẹta wà tí kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu bà: ohùn tí a gbà sílẹ̀ ránṣẹ́. Fún ìyá tí kò mọ̀wé kà, tàbí tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, òun ló dára jù. Ó ní ohùn, kò sì béèrè pé kí ẹni méjì ráyè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó ń sọ Èkìtì ponbele, tó ń wí pé "ulé" dípò "ilé", kò ní láti ronú bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ìṣẹ́jú kan rẹ̀ kì í sábà tó ìdajì MB.

Ohun tó ń bà á jẹ́: gígùn. Ẹ má jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ sọ kókó rẹ̀ láàrin ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́, nítorí ọ̀pọ̀ kì í gbọ́ ọ dópin. Ẹ má ka nọ́ńbà sínú rẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ fa bọ́tìnnì lọ sókè kó tì pa, kí ìka yín má baà yọ̀ kí ohùn sì gé láàrin. Ẹ kọ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Kẹ́ ẹ sì rántí pé ẹni tó ń gbọ́ ọ lè wà láàrin èrò: ọ̀rọ̀ àṣírí kò yẹ níbẹ̀, torí agbohùnsókè ni ọ̀pọ̀ àgbà fi ń gbọ́ ọ.

Nọ́ọ̀sì (Ìjerò)

Nípa ìlera, ẹ má da méjèèjì pọ̀. Pàjáwìrì, ẹ pè. 112 kò gba owó, kódà tí kò bá sí owó lórí síìmù. Ibi tẹ́ ẹ wà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ, kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí ìpè lè já: ìlú, àdúgbò, ohun kan tó hàn ketekete nítòsí bíi ilé epo tàbí ṣọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn náà, ohun tó ṣe é, iye ènìyàn, bóyá ó ń mí.

Oògùn, ẹ pè láti ṣàlàyé, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́. Nínú ìpè, "méjì lójúmọ́" àti "ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́" máa ń jọra létí tí ohùn bá ń já, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun kan náà. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Aaro 1, ale 1, leyin onje, ojo 5." Kí ẹni tó gbà á ka a padà sí yín létí.

Ẹni tí kò gbọ́rọ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ ni ọ̀nà rẹ̀, tàbí ìpè alájùmọ̀rí (fídíò) tó bá ń lo èdè ọwọ́. Ẹ gbé iná síwájú, kí ó wà lójú yín, kì í ṣe ẹ̀yìn yín, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òjìji lásán ló máa rí. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ẹ bá a fi ìwọ̀n lẹ́tà fóònù sí èyí tó tóbi jù.

Àjọ_Alájọ (Ìkẹ́rẹ́)

Nọ́ńbà àkáǹtì, ẹ má pè é lẹ́nu tí ẹ bá lè kọ ọ́. Nọ́ńbà 10 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ ọ́, kẹ́ ẹ kọ orúkọ tó wà lórí rẹ̀ àti báǹkì. Tí ó bá di dandan láti pè é, ẹ pín in sí 3, 3, 4, kí ẹnìkejì tún un pè lẹ́yìn ìpín kọ̀ọ̀kan. "Èje" àti "ẹ̀jọ" ló ń ko èèyàn sí wàhálà jù. Ìpè lásán ń gé gbogbo ohùn tó ga ju 3,400 Hz kúrò, ibẹ̀ sì ni f, s àti ṣ ń gbé, nítorí náà orúkọ tó ní wọn nínú máa ń dàrú. VoLTE ń gbé ohùn tó mọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí fóònù méjèèjì bá ní in.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ní olè tirẹ̀, ìpè ní olè tirẹ̀. Àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú ń wọlé pẹ̀lú orúkọ báǹkì lókè, torí orúkọ tó ń hàn ṣeé yá lò. Ẹ má fi àlẹ́ẹ̀tì nìkan gbé ọjà fún ẹnikẹ́ni. Ẹ wo iye tó wà nínú àkáǹtì gan-an, lórí áàpù tàbí nípa kóòdù báǹkì. Kóòdù náà ń gba ₦6.98 lórí owó ìpè yín, ó sàn ju pípàdánù àpò ìrẹsì lọ. Ní ti ìpè, ẹni tó bá ní òun ń pè láti báǹkì, tó sì ní kẹ́ ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fóònù yín fún òun, ẹ pa ìpè náà. Kò sí àwíjàre kankan. Ẹ fi ẹsẹ̀ ara yín lọ sí báǹkì.

Akọ̀wé_Ẹgbẹ́ (Adó-Èkìtì)

Ẹ kú làálàá. Ìbéèrè méjì ló kù. Àwọn tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí ogunlọ́gọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ló dé tí àwọn kan kì í rí i gbà rárá? Àwọn àgbà kan sì wà tí fóònù wọn kò gba àtẹ̀jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́.

Oníṣẹ́_Fóònù (Adó-Èkìtì)

Àkọ́kọ́: ẹni náà ti fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, tàbí ẹnì kan ti bá a ṣe é. Ìyẹn ń dí àtẹ̀jíṣẹ́ ìpolówó tó ń ti kọ̀ǹpútà wá, ìkéde ẹgbẹ́ yín náà sì lè há sínú rẹ̀. Kò dí èyí tó bá ti fóònù sí fóònù. Ọ̀nà àbáyọ méjì ló wà: kí ẹni náà fi HELP ránṣẹ́ sí 2442, wọ́n á fi àwọn ohun tó lè yàn hàn án, kó tún un yàn, tàbí kẹ́ ẹ yọ orúkọ irú wọn sọ́tọ̀, kí ẹnì kan máa fi fóònù ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn. Èyí tó rọrùn jù fún ẹgbẹ́ ni kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní aṣojú kan. Àtẹ̀jíṣẹ́ á lọ sí gbogbo èèyàn, aṣojú á sì pe àwọn àgbà àdúgbò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àgbà mẹ́wàá, ìṣẹ́jú méjì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. A kì í fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń wakọ̀ tàbí gun ọ̀kadà, nítorí náà kí ìkéde lọ lálẹ́.

Ìkejì: àpótí fóònù kékeré wọn ti kún. Irú fóònù yẹn kì í gba púpọ̀, àwọn kan sì ń kó o sórí síìmù, tí àyè rẹ̀ kò tó nǹkan. Àpẹẹrẹ ẹ̀ ni àwòrán àpò lẹ́tà tó ń ṣẹ́jú lókè. Ẹ wọ "Messages", ẹ lọ sí "Inbox", ẹ tẹ "Options", ẹ wá "Delete all" tàbí èyí tó bá jọ ọ́. Kẹ́ ẹ tó pa á rẹ́, ẹ ka a fún bàbá, torí nọ́ńbà àkáǹtì ọmọ rẹ̀ tàbí ìrántí owó àjẹsílẹ̀ lè wà níbẹ̀. Ẹ dà á kọ sínú ìwé. Tí ẹ bá wo ibi tí fóònù ń kó wọn sí, ẹ yí i láti síìmù sí fóònù. Lẹ́yìn náà ẹ pa fóònù, ẹ tún un tàn. Àwọn tó ṣì wà ní ilé ìpamọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì á bẹ̀rẹ̀ sí wọlé fúnra wọn, tí ọjọ́ wọn kò bá tíì pé. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ ti pé kò ní padà wá. Ẹ ní kí ẹni tó fi ránṣẹ́ tún un fi ránṣẹ́.